Ìlú tí Rélùwéè Kò Dé

Ìbìní ilé Ọba, ìlú tí yàrà yí ká bí ìlẹ̀kẹ̀ ti í yí ìdí ọmọge ká, ìlú tí àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ Ígún fi iná àti ìda gbé orúkọ rẹ̀ dé ibi tí ẹsẹ̀ àwọn fúnra wọn kò dé, ohun púpọ̀ ni òyìnbó kó wọ inú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti tinná bọ̀ ọ́ ní ọdún 1897: wọ́n kó ilé ẹjọ́ wá, wọ́n kó ilé ẹ̀wọ̀n wá, wọ́n kó ilé ìwé àti ilé ìfìwéránṣẹ́ wá, wọ́n la ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà, ṣùgbọ́n irin méjì tí ń bá ara wọn rìn tí wọn kì í pàdé, èyí tí rélùwéè ń fàyà fà lórí rẹ̀ bí erè, wọn kò gbé e débẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Abẹ́òkúta ti ń fi ìró ọkọ̀ náà mọ àsìkò tí ìkòkò ọbẹ̀ yẹ kó dé orí iná, tí àwọn ọmọdé Òṣogbo sì ti ń fi ẹnu ṣe fàkà-fìkì fàkà-fìkì kiri àgbàlá, mọ́tò akẹ́rù ni ará Ìbìní ń wọ̀ la igbó kọjá lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó kó tó lè fojú kan rélùwéè. Bó ti rí nìyẹn títí di òní: bí ọmọ Ìbìní bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin, ó di dandan kó kọ́kọ́ wọ mọ́tò.

Síbẹ̀ náà, ẹjọ́ rélùwéè dé Ìbìní. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1943 ni àwọn ọlọ́pàá mú ọkùnrin kan láti Èkó wá sí ẹ̀wọ̀n ìlú náà, Michael Imoudu, ọmọ Ọ̀rà, òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ rélùwéè ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta, tí í sì ṣe olórí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè. A kò fẹ̀sùn olè kàn án, a kò fẹ̀sùn rìbá kàn án, a kò sì sọ pé ó lu ẹnikẹ́ni. Kí a tó lè mọ ohun tó gbé e dé ibi tí irin kò dé, a ó kọ́kọ́ yà sí ilé ẹjọ́ kan tí adájọ́ rẹ̀ kì í dé wíìgì, tí kò ní lọ́yà, tí ọ̀pọ̀ ìgbà kò sì ju tábìlì kan, àga mélòó kan àti fáìlì kan lọ: ìwádìí tí rélùwéè máa ń ṣe lórí àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ nígbà tí a bá sọ pé ọwọ́ wọn kò mọ́.

Ọdún 1896 ni ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin. Ní oṣù kẹta ọdún 1901 wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn mesì ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé. Ó dé Òṣogbo Òròkí ní 1907, ó dé Ìlọrin Àfọ̀njá ní 1908, ó kan odò Ọya ní Jẹ́bà ní 1909, kí ọdún 1912 sì tó parí, ènìyàn ti lè wọ ọkọ̀ ní Èkó kó sọ̀ ní Kánò. Ẹni tó bá mọ bí ìrìn àjò ti rí ṣáájú irin yìí ni yóò mọ ìdí tí rìbá fi tètè rí ilé gbé nínú rẹ̀. Láyé ogun àti lẹ́yìn ogun, kò sí ìlú tó láárí tí kò ní ibodè, kò sì sí ibodè tí kò ní oníbodè. Alájàpá tó ru ẹrù láti Ìjẹ̀bú lọ sí òkè ti ya owó ibodè sọ́tọ̀ nínú owó ẹyọ rẹ̀ kó tó kúrò nílé. Ó mọ iye tó jẹ́, ó mọ ìjòyè tí oníbodè ń gbà á fún, bí oníbodè bá sì gbà ju bó ti yẹ lọ, ó mọ ilé tí yóò gbé ẹkún rẹ̀ lọ. Ìjọba Ẹ̀gbá pàápàá, owó ibodè ni òpó tó gbé àpò rẹ̀ ró fún ọ̀pọ̀ ọdún kí òyìnbó tó gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1914.

Rélùwéè dé, ó kọjá lórí ibodè. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn èrò fi rí i pé ibodè kò parẹ́, aṣọ ló pààrọ̀. Oníbodè tuntun dé fìlà tó ní àmì, ó mú àsíá pupa àti àsíá ewé dání, ó sì ń jẹ́ tesan-másítà. Owó tí òun ń gbà kò sí nínú ìwé, kò gbé e fún ìjòyè kankan, ẹni tó sì san án kò mọ ilé tí yóò gbé ẹkún lọ, nítorí pé ọ̀gá tó wà lókè rẹ̀, òyìnbó ni, Ẹ̀bùté Mẹ́ta ló wà, ìwé ló sì ń gbọ́, kì í gbọ́ ohùn. N kò sọ pé gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀ o. Tesan-másítà wà tó ṣe é títí tó fi gba owó ìfẹ̀yìntì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bú u, tí ọmọ rẹ̀ sì lè gba àárín ọjà kọjá. Irú wọn kì í sí nínú fáìlì, nítorí fáìlì kì í rántí ẹni tí kò ṣẹ̀.

Nínú gbogbo ihò tí owó ẹ̀yìn ń gbà wọlé, gáàdì tó gba ààbọ̀ owó ọkọ̀ lọ́wọ́ èrò tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì, akọ̀wé tó fi ìka gbé òṣùwọ̀n sókè kí ẹrù lè fúyẹ́, gbogbo ìwọ̀nyí kò ju àwàdà lọ bí a bá fi wọ́n wé ti wágọ́nù ẹrù. Ẹ wo oníṣòwò obì gbàǹja ní Àgége, tó kó agbọ̀n jọ sí ẹ̀gbẹ́ irin, tó ń retí wágọ́nù tí yóò gbé e lọ sí Kánò. Obì kò ní sùúrù. Bí oòrùn bá pa á, yóò gbẹ. Bí ooru bá há a mọ́ inú agbọ̀n, yóò rà. Bí kòkòrò bá wọ̀ ọ́, ó parí. Oníṣòwò yìí kò jọ ẹni tó ń ta àdá. Ọjọ́ kan tí wọ́n bá dá a dúró, èrè rẹ̀ ló ń jò sílẹ̀ lójú rẹ̀. Akọ̀wé tí kálámù ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, tó lè kọ ọ́ pé wágọ́nù wà tàbí pé kò sí, kò ní láti béèrè ohunkóhun. Kó ṣáà wí pé, “Bàbá, ẹ ṣì máa ní sùúrù ná,” kó sì padà sí ìdí tábìlì rẹ̀. Ìdúró gan-an ni ọjà tó ń tà. Lẹ́yìn ogun Hitler, nígbà tí wágọ́nù àti ẹ̀rọ tí ń fà á ṣọ̀wọ́n débi pé àpò ẹ̀pà ga bí òkè ní Kánò láìrí ọkọ̀ gbé e lọ sí etí òkun, ìdúró wá di ọjà tó wọ́n ju obì àti ẹ̀pà lọ. Ohun tó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú rẹ̀ ni pé nígbà tí oníṣòwò bá máa fi owó náà lé akọ̀wé lọ́wọ́, gbólóhùn tó máa ń bá a lọ ni pé, “Ẹ fi èyí ra obì.”

Gbólóhùn yìí ni àwọn òyìnbó kan gbá mú, tí wọ́n fi kọ ọ́ sínú ìwé pé àṣà wa ni rìbá, pé ènìyàn dúdú kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀bùn àti àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Èmi kò gbà. Lóòótọ́, ẹni tó ń lọ sí ààfin Ọmọ N'Ọba ní Ìbìní, tàbí ààfin ọba èyíkéyìí nílẹ̀ Yorùbá, kì í lọ lọ́wọ́ òfìfo. Ṣùgbọ́n ojú àwọn ìjòyè ni a ti ń gbé ẹ̀bùn náà kalẹ̀, a ń ka iye rẹ̀ sókè, ọba a sì máa dá nínú rẹ̀ padà fún ẹni tó gbé e wá tàbí kó pín in fún àwọn tó jókòó. Ẹni tó ti fún ọba ní obì láàárọ̀ lè jẹ̀bi ẹjọ́ lọ́sàn-án. Tesan-másítà kò pín in, kò kà á sókè, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó san án tí ẹrù rẹ̀ tún dúró. Èdè wa pàápàá mọ èyí, ó sì fún ìkọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀: ẹ̀bùn lọ́tọ̀, ìṣákọ́lẹ̀ lọ́tọ̀, owó ibodè lọ́tọ̀, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́tọ̀. Ohun tí a bẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí ẹjọ́ tó dé ni àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́.

Wàyí o, bí ọ̀rọ̀ bá bà jẹ́, tí ẹnìkan kọ lẹ́tà ìfisùn tàbí tí alábẹ̀wò tíkẹ́ẹ̀tì já lù wọ́n lójijì nínú ọkọ̀, ìwé ni yóò kọ́kọ́ jáde. Àwọn ìwé ìròyìn wa ń pè é ní ìwé wá-wí-tẹnu-rẹ. Àwọn tó ń gbà á ń pè é ní kúẹ̀rì, inú wọn a sì máa pami bí wọ́n bá ti gbọ́ orúkọ náà. Kì í gùn. Yóò sọ ọjọ́, yóò sọ wákàtí, yóò sọ nọ́ńbà ọkọ̀, yóò sì ní kí ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn kọ ọ́ sílẹ̀, láàárín ọjọ́ tí a dá fún un, ìdí tí kò fi yẹ kí a jẹ ẹ́ níyà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wúwo, wọn a ní kó lọ rọ́kún nílé ná, kó máa gba díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀, títí àwọn ọ̀gá kan yóò fi jókòó láti gbọ́ ẹnu rẹ̀ àti ẹnu ẹlẹ́rìí. Lẹ́yìn èyí ni ìdájọ́: wọ́n lè bá a wí kí wọ́n sì fi í sínú fáìlì, wọ́n lè dá àfikún owó oṣù rẹ̀ dúró, wọ́n lè fà á wálẹ̀ ní ipò, wọ́n sì lè yọ ọ́ pátápátá kó pàdánù owó ìfẹ̀yìntì. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òfin iṣẹ́ ìjọba kò ṣàì mọ èyí, n ó sì jẹ́rìí sí i pé lórí ìwé, ìwádìí náà dára.

Ibi tó ti dà rú ni ẹ̀rí. Rìbá kì í ní rìsíìtì. Ẹni tó san án mọ̀ pé lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn ti ọdún 1916, ẹni tó fúnni jẹ̀bi bí ẹni tó gbà. Àti pé bó tilẹ̀ bọ́ nínú ìyẹn, Àgége kan náà ni yóò tún kó obì wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, níwájú tábìlì kan náà. Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo, ẹnu tó sì ra dòdò fúnni náà yóò dákẹ́. Nítorí náà, ohun tí ìwádìí ń rí mú kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ rìbá, àìpé owó ni. Tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè ayé ìgbà náà, páálí kékeré líle ni, nọ́ńbà wà lára ìkọ̀ọ̀kan ní títẹ̀léra, ẹ̀rọ kan sì wà tó ń tẹ ọjọ́ mọ́ ọn. Bí nọ́ńbà bá fo tí owó inú àpótí kò sì bá a mu, akọ̀wé wọ gàù, ì báà jẹ́ ṣílè méjì péré ló dín. Ṣùgbọ́n gáàdì tó gba owó lọ́wọ́ èrò tí kò já tíkẹ́ẹ̀tì rárá, nọ́ńbà kankan kò fo, àpótí kankan kò dín, kò sì sí ohun tí ìwé yóò fi mú un. Báyìí ni ìwádìí ṣe ń mú ẹni tí kò mọ ìṣirò, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ń gba àmì ẹ̀yẹ iṣẹ́ pípẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á dúró lé lórí díẹ̀. Gbogbo àlàyé tí mo ṣe nípa kúẹ̀rì, àwọn tó ní fáìlì ló wà fún: akọ̀wé, tesan-másítà, gáàdì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tó ń gbé irin, tó ń kó èédú, tó ń wẹ ẹ̀rọ ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta, òṣìṣẹ́ ojúmọ́ ni wọ́n. Owó alágbàṣe wọn ní Èkó kí ogun tó dé kò fi bẹ́ẹ̀ ju ṣílè kan lójúmọ́ lọ. Wọn kò ní kúẹ̀rì, wọn kò ní rọ́kún nílé. Bí fóòmàn bá bínú, a yọ wọ́n bí ẹni yọ jìgá. Ọwọ́ wọn kò sì dé ibi tí rìbá wà. Àwọn gan-an ni rìbá ń dé bá. Nígbà tí Bernard Storey, akọ̀wé ìlú Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá ṣe ìwádìí lórí ìgbìmọ̀ ìlú Èkó ní ọdún 1953, ó rin ìrìn tó ju ibi tí a rán an lọ: ó kọ ọ́ pé rìbá ti gba ibi gbogbo kan, pé ní ilé ìwòsàn ẹni tó ń gbé àwo ìgbẹ́ fún aláìsàn ń gba tirẹ̀ kó tó gbé e, pé àwọn tó ń san owó fún òṣìṣẹ́ ojúmọ́ ń gé nínú rẹ̀ kí wọ́n tó fi lé wọn lọ́wọ́, àti pé ọmọ ọ̀dọ̀ ń fi owó ra iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹni tó fi owó ra iṣẹ́, tí a tún ń gé owó iṣẹ́ náà kù, níbo ni yóò ti rí i dí? Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, nídìí pẹpẹ ni yóò ti jẹun. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò dé ìdí pẹpẹ ńkọ́?

Irú àwọn wọ̀nyí ni Imoudu ń ṣojú fún. Ìdí ẹ̀rọ ni òun náà ti bẹ̀rẹ̀, ọmọṣẹ́ ni nígbà tó wọ rélùwéè ní 1929. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, nígbà tí ọrọ̀ ajé gbogbo ayé dẹnu kọlẹ̀, rélùwéè sọ owó ojúmọ́ di owó wákàtí: bí iṣẹ́ bá dá ní agogo mẹ́wàá, owó dá ní agogo mẹ́wàá. Àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀wé títí, ẹnikẹ́ni kò dá wọn lóhùn. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1941, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ tẹ̀ lé Imoudu láti Ẹ̀bùté Mẹ́ta, wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé ilé Gómìnà Bourdillon. Ẹ rántí pé ogun ń jà nígbà náà. Gómìnà gbọ́ wọn, nǹkan díẹ̀ sì yí padà. Ṣùgbọ́n àwọn kan kò gbàgbé ẹni tó ṣíwájú.

Ní oṣù kìíní ọdún 1943, rélùwéè yọ ọ́ níṣẹ́. Ìwé ìjìyà tí a fi ń mú akọ̀wé tí ṣílè méjì dín lọ́wọ́ rẹ̀ náà ni a ṣí fún un, ojú ewé tó yàtọ̀ ni: ìwà àìtọ́ àti àfojúdi. Rìbá tí gbogbo ayé mọ̀, ìwé náà kò rí i mú láìsí nọ́ńbà. Àfojúdi kò nílò nọ́ńbà. Kò sì parí síbẹ̀, nítorí òfin ààbò ìlú lákòókò ogun fún Gómìnà ní agbára láti há ẹnikẹ́ni mọ́ láìgbé e lọ sí kóòtù, agbára náà ni wọ́n sì fi gbé e kúrò ní Èkó, lọ sí Ìbìní.

Bóyá ẹni tó yan Ìbìní kò ronú kọjá pé ìlú náà jìn sí Ẹ̀bùté Mẹ́ta, pé kò sí òṣìṣẹ́ rélùwéè níbẹ̀ tí yóò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ní ìrántí tirẹ̀. Ìtàn àwọn ará Ọ̀rà ni pé ọmọ ọba Ìbìní ló tẹ ìlú wọn dó, Okpame, tó wá padà sílé tó sì jọba tí a ń pè ní Ozolua. Nítorí náà ilé bàbá ńlá rẹ̀ ni wọ́n mú ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ lọ. Ìbìní yìí kan náà ni òyìnbó ti mú Ọba Ovonramwen jáde ní 1897, tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí Kàlàbá, níbi tó kú sí ní 1914. Ìlú tí a ti kó ọba rẹ̀ lọ sí ìlú àjèjì ni a wá sọ di ìlú tí a ń kó ẹni tí a kò fẹ́ wá sí. Ọmọ Ọba Ovonramwen ni Eweka Kejì tó jọba ní 1914, Akenzua Kejì, ọmọ Eweka, ló sì wà lórí ìtẹ́ ní ọdún tí a ń sọ yìí. Ìdílé náà mọ ohun tí lílé ni kúrò nílé jẹ́ ju bí fáìlì èyíkéyìí ti lè sọ ọ́ lọ.

Imoudu kò pẹ́ púpọ̀ ní Ìbìní. Wọ́n gbé e lọ sí Auchi, wọ́n ní kó má kúrò níbẹ̀, ibẹ̀ ló sì wà títí di oṣù karùn-ún ọdún 1945. Nígbà tó wọ Èkó ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà, èrò bo ìgboro, wọ́n gbé e gun ẹṣin funfun bí ọba tó ti ogun dé. Kí oṣù náà tó parí, àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 30,000 ti da iṣẹ́ sílẹ̀, rélùwéè sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dúró. Ìyanṣẹ́lódì náà lé ní ogójì ọjọ́.

Ìyókù kò gba ariwo púpọ̀. Rélùwéè di ilé iṣẹ́ àdádúró ti ìjọba ní ọdún 1955. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ dìde pé Emerson, ọ̀gá àgbà wọn, gbọ́dọ̀ lọ, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ ní 1960 lábẹ́ T. O. Elias, ẹni tó wá di adájọ́ àgbà Nàìjíríà lẹ́yìn náà, kó yẹ ètò, owó àti àárín òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá wò. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀gbàjọba 1966, wọ́n tún gbé ìgbìmọ̀ aṣèwádìí mìíràn dìde lórí rélùwéè kan náà. Nígbà tó di 1975, ìjọba Murtala kò ṣe wàhálà ìwádìí mọ́: òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní 10,000 ni wọ́n yọ lójú ẹsẹ̀, èyí tó jẹ̀bi àti èyí tí ọ̀gá rẹ̀ kò fẹ́ràn, wọ́n jọ jáde ni. Ọ̀pọ̀ àgbà òṣìṣẹ́ tó ti ń bú kúẹ̀rì láti ìgbà èwe wọn ni ó jókòó sílé lọ́dún náà tó ń wá ẹni tí yóò fún un ní ìwé kan ṣoṣo tó sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Lónìí, irin ti wọ ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ọ̀nà láti Itakpe sí Warri, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1987 tí wọ́n sì ṣí ní 2020, gba ilẹ̀ Agenebode àti Uromi àti Igueben kọjá lọ sí Agbor, ó ń wo Ìbìní lókèèrè. Imoudu kú ní 2005, lẹ́yìn tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ìlọrin ni ilé ẹ̀kọ́ náà wà, nínú ìlú tí rélùwéè ti dé láti 1908. Ọmọ Ìbìní tó bá fẹ́ lọ kàwé níbẹ̀, mọ́tò ni yóò wọ̀.